Lẹ́tà ṣíṣí sí Luiz Felipe Scolari lórí ọ̀rọ̀ Vítor Baía

Ẹ̀yin bàbá wa, Luiz Felipe Scolari,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú iṣẹ́ ọdún gbọọrọ tí ẹ fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ ò mọ̀ mí rí. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì ti dúró láàárín òpó méjì rí kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Gólì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò títí di òní. Àwọn ọmọ tí kò rí mi lórí pápá rí náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, ó sì ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2004. Nígbà tí ẹ jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, kí ló dé tí ẹ ò fi pe Vítor Baía, aṣọ́lé ẹgbẹ́ Porto?

Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni n óò kọ́kọ́ bi yín. Àwọn oníròyìn Pọ́túgà bi yín títí ó fi sú yín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn kò tíì kàn mí létí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, ní èdè tí mo fi ń ronú, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè Yorùbá àti ti Potogí lè bá mi kà á sí yín létí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí nǹkan ṣe rí lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2004, ní ìlú Gelsenkirchen ní Jámánì, Porto fi ayò mẹ́ta na Monaco láìgba ẹyọ kan, wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ Champions League. Baía ló ń ṣọ́ ilé. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kojú Deportivo La Coruña: òmì aláìláyò ní Porto, 1-0 ní Sípéènì. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó le jù lọ ní gbogbo Yúróòpù lọ́dún yẹn, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò kan àwọ̀n ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní Pọ́túgà. Níbo ni wọ́n ti ṣí i? Estádio do Dragão, ilé Porto, pápá tí Baía fi ń ṣe ilé ìgbà yẹn. Wọ́n se àsè ńlá nínú ilé rẹ̀, wọ́n fi ìwé pe gbogbo ayé, òun nìkan ni wọn ò pè.

Gíríìsì na yín 2-1 lọ́jọ́ náà. Ẹ tètè rí ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, mo yìn yín fún un. Ẹ mú Ricardo Carvalho wọlé, ẹ mú Nuno Valente wọlé, ẹ mú Deco wọlé, ẹ fi wọ́n kún Costinha àti Maniche tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Porto ni gbogbo wọn. Ẹ na Rọ́ṣíà, ẹ na Sípéènì, ẹ la Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ẹ na Nẹ́dálándì. Nígbà tó di àṣekágbá, àwọn márùn-ún láti Porto ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, Paulo Ferreira sì di ìkẹfà nígbà tí Miguel fara pa. Ẹ kó ògiri ilé Baía, ẹ kó òpó rẹ̀, ẹ kó òrùlé rẹ̀, ẹ wá fi onílé sílẹ̀ níta.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, UEFA yan aṣọ́lé tó ta yọ jù lọ ní sáà bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù. Baía ni wọ́n yàn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan ará Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn mí, bàbá. Olóògbé Rashidi Yekini ló kọ́kọ́ mú ojú wa lọ sí Pọ́túgà. Nígbà tó wà ní Vitória de Setúbal, góòlù 21 ló gbá sáwọ̀n ní sáà 1993 sí 1994, kò sì sí atamátàsé tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì wọn lọ́dún náà. Olóògbé Peter Rufai, aṣọ́lé tiwa, náà lọ sí Farense ní ìlú Faro. Emmanuel Amunike wà ní Sporting. Bí a bá ń ka èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọmọ wa nínú ìwé ìròyìn, orúkọ Porto ló máa ń wà lókè, orúkọ aṣọ́lé wọn kò sì yí padà. Èmi tí mo jẹ́ gólì, orúkọ gólì ni mo máa ń wá kí n tó wá ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tí Amunike kó lọ sí Barcelona, ó bá Baía níbẹ̀, mo sì rí ojú ọkùnrin náà lórí tẹlifíṣàn ilé àwọn ẹlòmíràn. Ó ga, ó rẹwà, ara rẹ̀ balẹ̀. Bó ṣe ń dúró nìkan ti tó láti fi kọ́ ọmọ ní iṣẹ́.

Ọmọ Afurada ni, abúlé àwọn apẹja létí odò Douro, tí ẹ bá dúró níbẹ̀ ẹ ó máa wo ìlú Porto ní òdìkejì omi. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1969. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí Quinito, akọ́nimọ̀ọ́gbá Porto ìgbà náà, jù ú sójú pápá ní ọdún 1988. Ẹni tó wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀ ni Józef Młynarczyk, ọmọ Pólándì tó ṣọ́ ilé lọ́jọ́ tí Porto gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1987. Ọmọdé wọ bàtà àgbà, bàtà náà sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ní sáà 1991 sí 1992, ìṣẹ́jú 1,191 ló lò nínú líìgì láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 gbáko lọ. Ẹni tó bá ti ṣọ́ ilé rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta pére ni èmi ṣe irú rẹ̀ rí, n kò sì sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹ̀rù ìgbà tí yóò já ń bà mí.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Bobby Robson mú un dání lọ sí Barcelona ní 1996. José Mourinho náà wà níbẹ̀, ó ń ran Robson lọ́wọ́. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́ta ní sáà kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ayò kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ Paris Saint-Germain ní Rotterdam. Lẹ́yìn náà ni Louis van Gaal dé rọ́pò Robson, orúnkún Baía bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, Ruud Hesp gba ipò, bẹ́ńṣì sì di ti Baía. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ó padà sílé, ó wọ nọ́ńbà 99, orúnkún kò sì jẹ́ kó sinmi. Sáà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi orúkọ rẹ̀ sílé. Ó tún dìde.

Fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ́nà mẹ́wàá ló wọ aṣọ náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 80. N kò ní sọ fún yín pé kò ṣe àṣìṣe. Ní 1996, ní Villa Park, Karel Poborský gbé bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni gbé ẹyẹ sókè, Pọ́túgà sì padà sílé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ó mú pẹ́náltì Arif Erdem nígbà tí wọ́n kojú Tọ́kì, wọ́n sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, níbi tí Zidane ti fi pẹ́náltì lé wọn jáde ní àfikún àkókò. Ní Kòríà ní 2002, òun ló ṣọ́ ilé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Amẹ́ríkà na wọ́n 3-2, wọ́n fi mẹ́rin na Pólándì, Kòríà fi ẹyọ kan lé wọn lọ sílé. Ìdíje tó burú gbáà ni. Ricardo, aṣọ́lé tí ẹ̀yin wá yàn lẹ́yìn náà, lórí bẹ́ńṣì ló ti wò ó.

Ìgbà náà ni ẹ dé. Ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ṣì ń tàn lọ́wọ́ yín. Ẹ ti fi Romário sílẹ̀ nílé, gbogbo Bràsíl pariwo lé yín lórí, ẹ di etí yín, ẹ lọ sí Jèpánù, ẹ gba ife. Ó yé mi pé ẹni tó ti la irú ariwo bẹ́ẹ̀ kọjá, tí ó sì borí, kò ní fi ariwo àwọn ará Porto ṣe nǹkan kan. Ẹ fẹ́ ikọ̀ tí yóò jẹ́ ìdílé kan. Ẹ fẹ́ kí ẹni tí ẹ bá yàn mọ̀ pé òun lẹ yàn, kó má máa wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń rò ó, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ o, n kò wá bu Ricardo kù. Ẹni bá bu Ricardo kù kò wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2004. Mo wò ó. A pọ̀ nínú yàrá kékeré kan, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké lẹ́yìn ilé, òórùn ara wa sì gba gbogbo yàrá. Ayò méjì-méjì lẹ́yìn àfikún àkókò. Beckham gbá tirẹ̀ sójú ọ̀run, Rui Costa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Postiga fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ gbé tirẹ̀ sí àárín bí ẹni gbé ọmọ tẹ́. Nígbà tó kan Darius Vassell, Ricardo bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì sílẹ̀. Gbogbo wa dìde. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí aṣọ́lé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀? Ó dà bí kí ọdẹ ju ìbọn sílẹ̀ kó fi ọwọ́ lásán bá ẹranko. Ó mú un. Òun fúnra rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù, ó tò ó sílẹ̀, ó gbá a wọlé. 6-5. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó tún pàdé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ó mú ti Lampard, ó mú ti Gerrard, ó mú ti Carragher. Kò sí aṣọ́lé tó mú mẹ́ta rí nínú pẹ́náltì tí wọ́n fi ń parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ṣáájú rẹ̀. Ibi tó ti ṣe é sì ni Gelsenkirchen, pápá kan náà tí Baía àti Porto ti gba ife wọn. Bí mo bá rántí pápá yẹn, àwọn méjèèjì ni mo máa ń rí láàárín òpó kan náà, wọn ò sì jà lójú mi.

Nítorí náà, ẹ má fi Ricardo dá mi lóhùn. Ohun tí mo ń bi yín kò kàn án. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé Ricardo ni yóò ṣọ́ ilé. Àyè mẹ́ta ló wà fún aṣọ́lé nínú ikọ̀. Ẹ fún Ricardo ní nọ́ńbà 1. Ẹ fún Quim ní ọ̀kan. Èyí tó kù, ẹ fún José Moreira ti Benfica, ọmọ ọdún 22, ọmọ tó ní ẹ̀bùn, n kò ní sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ́ ilé nínú àṣekágbá Champions League, tí ó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè nígbà 80, kò rí àyè kẹta. Aṣọ́lé kẹta kì í gbá bọ́ọ̀lù o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa pàtẹ́wọ́. Ẹ kò fún un ní ìyẹn pàápàá. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyí. Bí ẹ bá fi í ṣe ẹnì kejì, gbogbo ayé á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Scolari fẹ́ràn Ricardo jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, láti ìgbà tí ẹ dé títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìyẹn ní ìdí mìíràn nínú.

Àwọn kan máa ń fi bọ́ọ̀lù Charisteas dá yín lẹ́bi. Ọjọ́ 4 oṣù keje, Estádio da Luz, ìṣẹ́jú 57, kọ́nà Gíríìsì. Ricardo jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, Charisteas fi orí kàn án wọlé, ife bá wọn lọ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Baía ni. N kò sí lára wọn. Bọ́ọ̀lù kọ́nà tó ń bọ̀ lókè, tí èrò sì pọ̀ níwájú rẹ, kò mọ ẹni tó ní ife-ẹ̀yẹ púpọ̀. Mo ti jáde síta bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gbá afẹ́fẹ́ mú. Baía náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Mo ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí fún sáà mẹ́rin. A kò lówó lọ́wọ́, aṣọ kan náà la fi ń ṣe ìdánrawò tí a tún fi ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ṣùgbọ́n ipò yẹn tèmi ni, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà karùn-ún, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wà lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. N kò bi í. Bàbá mi ti kọ́ mi pé a kì í bi àgbà ní ìdí ohun tó ṣe. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún mi, èmi fúnra mi wá wá ọ̀kan. Ní òpin sáà tó ṣáájú, bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́, òjò ti rọ̀, mo jáde, ó yọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọlé. Mo pinnu pé òun ni. Bí mo bá wà nínú mọ́tò, mo ń mú bọ́ọ̀lù yẹn. Bí mo bá ń fọ aṣọ, mo ń mú un. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo ṣì ń mú un. Ní ọdún 19 lẹ́yìn náà, mo pàdé akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn níbi ìsìnkú kan. Ó ti darúgbó, ó fi ọ̀pá rìn. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí ọ. Wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé o ti gba fọ́ọ̀mù poly, pé o máa já wa sílẹ̀ láàárín sáà. Ẹ̀rù bà mí." Àbúrò mi ló gba fọ́ọ̀mù, bàbá. Èmi kò gba nǹkan kan.

Inú mi kò bà jẹ́ sí i. Mo kàn jókòó níbẹ̀, àwo ìrẹsì lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń ronú nípa bọ́ọ̀lù òjò yẹn tí mo ti ń mú fún ọdún 19 lásán. Kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Láti ọjọ́ náà n kò tún mú un mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ara mi pé èwo ni Baía ń mú. Ṣé ti Poborský ni? Ṣé ti Kòríà? Ṣé ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ níbì kan tí ẹnì kan gbé dé etí yín, tí kò sì mọ̀ pé ó dé etí yín? Adẹ́yìnmú ni yín nígbà tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn yín ni aṣọ́lé máa ń wà, nítorí náà ẹ ti gbọ́ bí ó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Atamátàsé tí wọn ò fẹ́ níwájú lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì lè wọlé ní ogún ìṣẹ́jú tó kù kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jà fún ara rẹ̀. Àyè aṣọ́lé, ẹyọ kan ni. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn, kò sí fèrèsé. Àfi kó jókòó kó máa ka gbogbo bọ́ọ̀lù tó ti kọjá ara rẹ̀ láti ìgbà èwe.

Mourinho, tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Porto lẹ́yìn náà, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ le e jẹ́jẹ́ náà. Ní sáà 2002 sí 2003, èdè-àìyedè ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, Mourinho sì yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀ fún bí oṣù kan. Ẹnu ya gbogbo Porto. Ṣùgbọ́n Baía mọ ohun tó fa ìjà náà, ó mọ ẹni tó ń bá òun jà, ó sì mọ ohun tí òun lè ṣe kó tó parí. Ó parí. Ní òpin sáà yẹn kan náà, àwọn méjèèjì wà ní Seville tí wọ́n na Celtic 3-2 tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ UEFA. Ìjà tó ní ìdí máa ń ní ọjọ́ tí yóò tán. Èyí tó wà láàárín ẹ̀yin àti òun, bí ìjà bá ni, ta ni yóò parí rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́yìn ìdíje yín, Baía ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, Porto lọ sí Yokohama ní Jèpánù láti pàdé Once Caldas ti Kòlóḿbíà fún ife-ẹ̀yẹ Intercontinental. Ayò kankan kò wọlé. Nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ń lọ sópin, ara Baía kò dá, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, wọ́n gbé e kúrò, Nuno Espírito Santo sì wọlé dípò rẹ̀. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rù fún un jù lọ. Porto borí pẹ̀lú pẹ́náltì, 8-7. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣọ́ ilé fún ìgbà díẹ̀ sí i kí Helton tó gba ipò, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2007. Líìgì Pọ́túgà mẹ́wàá ló gbà. Àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí UEFA ń ṣètò fún àwọn ẹgbẹ́ láyé ìgbà náà, díẹ̀ ni wọ́n, ó wà nínú wọn. Ẹ̀yin ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́jọ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Bàbá, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. N kò ní kí ẹ pe àwọn oníròyìn jọ. N kò ní kí ẹ tọrọ àforíjì, torí n kò mọ̀ bóyá ẹ ṣẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ ìdí yín dára, tí gbogbo wa yóò mi orí tí a bá gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, bíi fọ́ọ̀mù poly àbúrò mi. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún yín. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹni tó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 80 yẹ lẹ́ni tí a ń sọ ọ́ sí létí. Bí ẹ bá sì ti sọ ọ́ fún un rí níbi tí kò sẹ́lòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí, kí ẹ ka lẹ́tà yìí sí ìkíni lásán láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn aṣọ́lé.

Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, ẹ ti dàgbà báyìí, Baía náà ti lé ní àádọ́ta. Kò sí ìdíje mọ́, kò sí àyè mẹ́ta tí ẹ ń pín. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tèmi ní ọ̀pá lọ́wọ́ kó tó rí mi, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú yẹn sì ni wọ́n sin òun náà. Tí mi ò bá lọ síbi ìsìnkú yẹn ńkọ́?

Nọ́ńbà Baía kò lè ṣòro fún yín láti rí. Ẹ pè é. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan lẹ sọ ọ́ fún, tí àwa kò gbọ́ rárá, mo fara mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Gólì àtijọ́ kan,
Ìbàdàn.